Ibùsùn méjìdínlọ́gbọ̀n, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí a ti ń rò ó bóyá kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí síbí tàbí kí a gbé e mì. Ohun tó ń dá wa dúró ni pé nínú ìtàn náà, àwa gan-an ni a ṣe ohun tí kò dára. Olùkọ́ ni wá, ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń kọ́ ọmọ, a sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì wa pé ẹni tó bá fẹ́ fi ẹjọ́ ẹnìkejì rẹ̀ sùn, kó sọ kìkì ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ tó kàn wá, a kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹgbò ló yọ ní ẹsẹ̀ ìyá wa. Àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn tipẹ́, wọn kò sì tètè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Ewé ni wọ́n fi ń dì í. Nígbà tí ìka ẹsẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú ni àbúrò wa obìnrin pariwo síta, a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni a lò níbẹ̀, àwa ọmọ mẹ́ta, tí a ń gba ipò lọ́wọ́ ara wa.

Ẹni tó bá ti ṣe garde-malade rí ní ilẹ̀ wa kò nílò kí a ṣàlàyé fún un. Ẹní lẹ́yìn ilé, ìkòkò kékeré, kẹ́túlù, báàfù, aṣọ tí a sá sórí wáyà. Dókítà á kọ ìwé, ìwọ á sáré lọ ra abẹ́rẹ́, òwú, ìbọ̀wọ́, omi sérọ́ọ̀mù. Ìwọ lo máa wẹ aláìsàn rẹ, tí o máa fún un lóúnjẹ, tí o máa gbé ìgbẹ́ rẹ̀ dànù. Nọ́ọ̀sì, tàbí infirmier bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń pè é, ló ń gún abẹ́rẹ́, tó ń so sérọ́ọ̀mù, tó ń ṣe pansement, tó sì ń kọ ìwé. Bí a ṣe pín iṣẹ́ náà nìyẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó pín in.

Òru ọjọ́ kẹrin ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀. Sérọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ ìyá wa tán, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nínú rọ́bà. Ìyá wa rí i, wọ́n pariwo. A sáré jáde lọ pe nọ́ọ̀sì, a kò rí i ní ìdí tábìlì rẹ̀. A pè, a pè. Ogójì ìṣẹ́jú ló tó kí ó tó yọ láti ìparí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń rìn wéréwéré, òógùn bo ojú rẹ̀. A kò wo òógùn yẹn. A bú u. A bi í bóyá orí oorun ni ìjọba ń san owó fún un. Nítorí pé ọmọ apá Natitingou ni, tí kò gbọ́ Yorùbá, èdè Faransé ni a fi bú u, “tu” ni a sì ń pè é, kì í ṣe “vous”, àwa tí a ń na ọmọ tó bá fi “tu” bá àgbà sọ̀rọ̀. Kò fèsì. Ó yọ abẹ́rẹ́ náà, ó fi òwú tẹ ojú rẹ̀, ó so òmíràn, ó lọ.

Ní àárọ̀, a kọ lẹ́tà. Ìwé tó dára ni o, a kò ní purọ́: paragiráàfù mẹ́rin, gírámà rẹ̀ dá ṣáká, a kọ ọjọ́, a kọ wákàtí, a kọ ọ̀rọ̀ bíi “négligence”. Àbúrò wa ọkùnrin mú un lọ fún surveillant kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ní ọ̀sán, a gbọ́ pé wọ́n ti fún obìnrin náà ní demande d'explication. Inú wa dùn. A rò pé a ti ṣe iṣẹ́ ọmọ.

Òru ọjọ́ kẹfà, òun náà ló tún wà lẹ́nu iṣẹ́. A ti múra sílẹ̀ dè é. A mú kàyé tuntun kan, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìṣirò, a fa ìlà sí i bí olùkọ́ ṣe ń fa á: wákàtí, nọ́mbà ibùsùn, ohun tó ṣe, iye ìṣẹ́jú. Èrò wa ni pé gbogbo ìgbà tó bá jókòó tàbí tó bá lọ sùn, a máa kọ ọ́, a ó sì fi kún lẹ́tà wa. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni a gbé àga sí, níbi tí a ti lè rí ẹnu ọ̀nà gbogbo yàrá. Àwa àti àbúrò wa ọkùnrin pín òru náà sí méjì.

Kò pẹ́ tó fi rí wa. Ó dúró, ó wo kàyé náà, ó wo wa. Ohun tó sọ ní Faransé kò ju èyí lọ: “Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ohunkóhun.” “Vous” ni ó fi bá wa sọ̀rọ̀.

Láti aago mẹ́jọ alẹ́ dé aago méje òwúrọ̀, wákàtí mọ́kànlá ni, ìyẹn 660 ìṣẹ́jú. Ibùsùn 28, gbogbo wọn kún. Nọ́ọ̀sì kan, aide-soignante kan. Ohun tó wà nínú kàyé wa ní òwúrọ̀ nìyí.

Ibùsùn 11: 170 ìṣẹ́jú. Bàbá àgbẹ̀ kan ni, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí orí rẹ̀ dàrú ní òru. Ó ń fa rọ́bà ìtọ̀ yọ, ó ń béèrè ọkọ́ rẹ̀, ó fẹ́ lọ sí oko. Kò sí ẹni tirẹ̀ kankan pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ṣì ń bọ̀ láti Èkó. Ibùsùn 3: 95 ìṣẹ́jú, ọmọkùnrin tó jábọ́ lórí zémìjáàn tí itan rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ gba inú aṣọ pansement. Ibùsùn 22: 70 ìṣẹ́jú, obìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, tí a gbọ́dọ̀ máa wọn ìfúnpá rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ibùsùn 17: 55 ìṣẹ́jú, ẹni tí ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀ lójijì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Ẹ ro àwọn mẹ́rin yìí pọ̀, 390 ìṣẹ́jú. Ogójì ìṣẹ́jú lọ sí orí tẹlifóònù tó ń fi wá dókítà àti ọ̀nà fàmásì tó wà ní ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìlá ló fi jókòó, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì ń kọ ìwé nígbà tó jókòó náà. Búrẹ́dì tó jẹ, ìdúró ló jẹ ẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn 22. Lẹ́ẹ̀mejì ni iná lọ, tẹlifóònù rẹ̀ ló fi ṣe fìtílà, ó fi eyín gbé e mú kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráàyè.

Ohun tó kù fún ibùsùn mẹ́rìnlélógún yòókù jẹ́ 218 ìṣẹ́jú. Ẹ pín in. Ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láàárín wákàtí mọ́kànlá. Ìyá wa, ní ibùsùn 8, rí mẹ́rìnlá gbà. Wọ́n wà lára àwọn olóríire.

A wo kàyé yẹn títí ojú wa fi rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aide-soignante sọ fún wa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òru ọjọ́ kẹrin, láìjẹ́ pé a bi í: aago kan àbọ̀ ni wọ́n gbé ọmọkùnrin ibùsùn 3 jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló wà lórí ọgbẹ́ náà fún gbogbo ogójì ìṣẹ́jú tí a fi ń pariwo. Tó bá gbé ọwọ́ kúrò láti wá yọ sérọ́ọ̀mù ìyá wa, kí ni à bá máa sọ lónìí fún ìyá ọmọ yẹn?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó yé wa, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ní iléèwé, orí ni wọ́n ń kà. Effectif, bí a ṣe ń pè é. Wọ́n á ní kíláàsì rẹ ní ọmọ 52, ti ẹnìkejì rẹ ní 52, nítorí náà iṣẹ́ yín dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní 52 ní CI, tí ọmọ kò tíì mọ bí a ṣe ń di pẹ́ńsù mú, tí ẹyọ Faransé kan kò sí lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ní 52 ní CM2. Bí ọmọ kan tí kò gbọ́ràn dáadáa bá tún wà nínú wọn, ọmọ yẹn nìkan lè gba ìdajì òwúrọ̀. Gbogbo olùkọ́ ló mọ èyí, gbogbo wa la sì máa ń ṣàròyé rẹ̀ nígbà tí a bá pàdé. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ka ibùsùn 28, a rò pé ẹrù 28 ni.

A ní ọmọ kan tí a kọ́ ní CM2 ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, tó wà ní Montréal báyìí, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. A ya àwòrán ojú ìwé kàyé náà, a fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ohùn rẹ̀ ló fi dáhùn, ó gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. “Maître, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ohun tí ẹ ṣe yìí, ó ní orúkọ.” Ó rẹ́rìn-ín. A fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Orúkọ náà ní Faransé ni “charge en soins”, ìwúwo ìtọ́jú. Ó ní Montréal gan-an ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan lára àwọn ìwọ̀n tó lókìkí jù, láàárín àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ń pè ní PRN, Projet de recherche en nursing. Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì lè ṣe fún aláìsàn ní í bẹ nínú ìwé gbọọrọ kan, a sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní póìǹtì. Póìǹtì kan dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ka póìǹtì aláìsàn kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ ro ti gbogbo wọn pọ̀, ẹ ó mọ iye ọwọ́ tí yàrá náà ń fẹ́. Switzerland àti Luxembourg gbà á lò.

Ó sì tọ́ka sí àṣìṣe wa, bí ọmọ rere ṣe ń tọ́ka sí àṣìṣe olùkọ́, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní: “Maître, ẹ kọ ohun tó ṣe. Ẹ kò kọ ohun tó yẹ kó ṣe.” PRN kì í ka ìtọ́jú tí aláìsàn rí gbà, ìtọ́jú tó yẹ kó rí gbà ló ń kà. Ọ̀rọ̀ yẹn dúró sí wa lọ́rùn. Nítorí nínú kàyé wa, ibùsùn 14 ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Ẹni tó bá kà á á rò pé ara ibùsùn 14 ti yá. Rárá o. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ibà ń ṣe ni, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n máa wọn ìgbóná ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tí a pín fún àwọn mẹ́rìnlélógún yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n nílò. Ohun tó ṣẹ́kù ni.

Láti ìgbà náà ni a ti ń ka ohun tí a bá rí nípa rẹ̀. Àwọn ará Faransé ní tiwọn, SIIPS. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń wo aláìsàn: ìtọ́jú ara bíi wíwẹ̀ àti jíjẹ, iṣẹ́ ọwọ́ bíi abẹ́rẹ́ àti pansement, àti ọ̀rọ̀ sísọ, ìyẹn ìtùnú, àlàyé, ẹ̀kọ́. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lè gba 1, 4, 10 tàbí 20. A béèrè lọ́wọ́ ara wa ìdí tí kò fi jẹ́ 1, 2, 3, 4. Lẹ́yìn òru ibùsùn 11, a mọ ìdí rẹ̀. Ìwúwo kì í gòkè ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń fò.

Èyí tó wù wá jù ni ti Finland, RAFAELA. Ohun mẹ́fà ni nọ́ọ̀sì ń wò lára aláìsàn, ó ń fún ìkọ̀ọ̀kan ní A dé D, póìǹtì 1 dé 4, tó fi jẹ́ pé aláìsàn kò lè kéré sí 6, kò sì lè ju 24 lọ. Títí dé ibẹ̀, kò yàtọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń bi àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn léèrè, fún ìgbà kan, lẹ́yìn iṣẹ́: báwo ni tòní ṣe rí? Wọ́n á dáhùn láti -3 dé +3. Níbi tí nọ́mbà méjèèjì bá ti pàdé ni wọ́n ti ń mọ ẹrù tó bá yàrá náà mu. Ní tiwa, ta ló ti bi nọ́ọ̀sì yẹn rí báwo ni òru rẹ̀ ṣe rí? Àwa tí a jókòó sójú rẹ̀ kò bi í. Demande d'explication ni a fún un.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn nọ́ọ̀sì nìkan ni à ń sọ, kó gbọ́ èyí. Ní 2002, Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ilé ìwòsàn 168 ní Pennsylvania. Wọ́n rí i pé bí a bá fi aláìsàn kan ṣoṣo kún ẹrù nọ́ọ̀sì, ewu pé ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún yóò kú láàárín 30 ọjọ́ ń fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Àti pé láàárín aláìsàn mẹ́rin sí mẹ́jọ fún nọ́ọ̀sì kan ni wọ́n ti ń ṣe ìfiwéra yẹn o. A ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rin sí mẹ́jọ. Tiwa jẹ́ 28.

California ti ṣe òfin tirẹ̀ láti 1999, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004: nọ́ọ̀sì kan fún aláìsàn méjì níbi tí àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè ń gbé, ọ̀kan fún márùn-ún ní yàrá lásán láti 2005. Nọ́mbà yẹn ni ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá. Bí ìwúwo àwọn aláìsàn bá pọ̀, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi ènìyàn kún un. Faransé náà ti gba òfin irú rẹ̀ ní oṣù January 2025, wọ́n sì fi ọ̀ràn nọ́mbà náà lé Haute Autorité de santé lọ́wọ́.

Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, ní ìwọ̀n tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní WISN, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2010. Uganda àti Namibia ti lò ó. Ó dára fún ìjọba, nítorí pé ó lè sọ iye nọ́ọ̀sì tí ilé ìwòsàn kan ń fẹ́ nínú ọdún. Àmọ́ ti ọdún ni. Kò lè mọ̀ pé ní alẹ́ òní, bàbá ibùsùn 11 ń wá ọkọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin lè ní: olùkọ́, ẹ dákẹ́, ìwọ̀n kì í bí nọ́ọ̀sì. Òótọ́ ni. Bí a bá wọn ẹrù tán tí kò sí ẹni tí a máa rán wá gbé e, kí ni èrè rẹ̀? A ti ro ìyẹn náà. A sì mọ̀ pé ní àwọn ibi kan, ìwé kíkọ náà di ẹrù tuntun lórí nọ́ọ̀sì, àti pé ọ̀gá tó fẹ́ dín ènìyàn kù lè fi nọ́mbà gbè é lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, nínú 28 yẹn, ó kéré tán, ẹni mẹ́wàá wà tí ara wọn ti fúyẹ́, tí wọ́n ń dúró de owó láti san gbèsè kí wọ́n tó lọ sílé. Ní yàrá tó wà ní òdìkejì, lálẹ́ yẹn kan náà, nọ́ọ̀sì méjì ló wà fún aláìsàn mọ́kànlá. Ojú wa ló rí i nígbà tí a lọ yá àga. Kò sí ẹni tó mọ̀, nítorí kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ṣé a nílò owó OMS kí ẹnì kan tó lè rìn láti òdìkejì wá?

Ohun kan sì wà tí a kò rí nínú ìwọ̀n Montréal tàbí ti Finland, nítorí pé kò sí lọ́dọ̀ wọn: àwa garde-malade. Nínú SIIPS, ìyá wa á gba nǹkan bíi 10 fún ìtọ́jú ara. Ta ló ṣe é? Àbúrò wa obìnrin ni, pẹ̀lú báàfù àti kànrìnkàn. Bí wọ́n bá gbé ìwé Faransé yẹn wá síbí bó ṣe rí, á kà á fún nọ́ọ̀sì ohun tí kò ṣe, tàbí kí ó pa iṣẹ́ àwọn ọmọ àti ìyàwó wa rẹ́. Nítorí náà, bí a bá máa fa ìlà sí kàyé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó fi ìlà karùn-ún sí i: ta ló ṣe é? Ìlà yẹn ló máa jẹ́ kí a rí i pé aláìsàn tí kò ní ẹni tirẹ̀ wúwo ju ẹni tí ara rẹ̀ le jù ú lọ. Kí ló dé tí ibùsùn 11 fi gba 170? Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò ju ti àwọn yòókù lọ. Àìlẹ́nìkan ni, àti èdè. Bàbá náà kò gbọ́ ju Yorùbá lọ. Nọ́ọ̀sì rẹ̀ gbọ́ Faransé, díẹ̀ nínú Fọ̀n, àti èdè ilé wọn.

A padà sí ọ́fíìsì surveillant ní ọjọ́ kẹjọ. A ní a fẹ́ gba lẹ́tà wa padà. Ó wò wá bí ẹni tó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó ní ìwé tó bá ti wọ dossier kì í jáde. A bẹ̀ ẹ́. Ó ní ohun tí òun lè ṣe ni kí òun fi ìwé mìíràn kún un. A kọ lẹ́tà kejì, gírámà rẹ̀ kò dára tó ti àkọ́kọ́ nítorí ọwọ́ wa ń gbọ̀n, a sì so ẹ̀dà ojú ìwé mẹ́rin nínú kàyé mọ́ ọn. Ó gbà á. Ìwé méjèèjì ló wà níbẹ̀ báyìí, tí èyí tó burú wà lókè nítorí pé òun ló kọ́kọ́ dé.

A lọ bá obìnrin náà. A bẹ̀ ẹ́ ní ìdúró, àwa àti àbúrò wa. Ó ní kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá a lè fún òun náà ní ẹ̀dà kan nínú ojú ìwé yẹn. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án ni òun ti ń ṣe òru, kò sí ìwé kan tó fi hàn.

Ìyá wa pàdánù ìka méjì, ẹsẹ̀ sì jiná. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nílé, wọ́n ní kí a ka kàyé náà fún àwọn. A kà á, a ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí a ṣe ń kà, láti aago mẹ́jọ alẹ́ dé òwúrọ̀. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí a dé ibùsùn 11, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

“Ta ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ bàbá yẹn fún un?”

A ní a kò mọ̀.

Wọ́n ní àwọn ni. Ògiri tó wà láàárín yàrá méjèèjì kò kan àjà. Bàbá á sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, nọ́ọ̀sì á pariwo béèrè ní Fọ̀n, ìyá wa á dá a lóhùn láti ibùsùn wọn, wọ́n á sì bá bàbá sọ̀rọ̀ padà pé ọkọ́ ti wà nílé, òjò kò tíì rọ̀, kó sùn. Àwa wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú bíírò lọ́wọ́, a gbọ́ ohùn wọn, a rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà.

“Èmi náà ṣiṣẹ́ lóru yẹn,” ni wọ́n wí. “Ẹ ò kọ tèmi.”

A ṣí ojú ìwé kẹta, a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́: ibùsùn 8, ìtumọ̀ èdè. Wọ́n ní kí a kọ iye ìṣẹ́jú rẹ̀ síbẹ̀. A bi wọ́n pé mélòó ni.

Wọ́n ní, “Títí ó fi sùn.”